Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Eulalia Barragán fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀.

"Ohun tí ẹ kọ yẹn kọ́ ni mo sọ," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́."

Ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì gbójú sókè wò ó. Wọ́n kọ Efraín sí àyà ẹ̀wù rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀, nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tuntun nílùú Visalia, ni kó gba ọkọ̀ tó bá ń ṣòjòjò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó béèrè ohun tó ń ṣe é, kó kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe, kó tó tì í sẹ́yìn fún àwọn mẹkáníìkì.

"Kí ni mo kọ tí kò dáa, mà?"

"Ẹ kọ pé 'oníbàárà ní ọkọ̀ òun ń ṣe bákan.' Ọkọ̀ mi ò ṣe bákan. Ó kú ni. Ó kú lórí eré, lójú títì márosẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́yìn mi gbàgà, sítíárìn sì le gan-an lọ́wọ́ mi, kò yí sọ́tùn-ún, kò yí sósì. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i. Ẹ kọ iye máìlì tó ti rìn sí i."

"Àyè tí wọ́n fún wa nínú kọ̀ǹpútà yìí ò gbà tó bẹ́ẹ̀, mà."

"Ẹ kọ ọ́ wínníwínní."

Eulalia rí i pé ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà, ó sì rí i pé ó gbé e mì. Ó pa ohun tó kọ́kọ́ kọ rẹ́. Ó kọ òmíràn. Nígbà tí ìwé jáde, Eulalia kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró, ó rọra ká a sí méjì, ó fi í sínú báàgì.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Láti ìgbà tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi."

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin náà ṣì ń wò ó. Obìnrin tí ọkọ̀ tirẹ̀ kàn ti dé iwájú tábìlì, ó ń wúkọ́, ó sì tún wúkọ́, Efraín ò gbọ́. Ara Eulalia yá gágá, ó sì ń bá ara rẹ̀ wí: ọkọ̀ rẹ bàjẹ́, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?

Ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé wọn. Lindsay ni wọ́n ń gbé, ìlú kékeré kan láàárín oko ọsàn ní California. Ìyá bàbá rẹ̀, Doña Petra, ti ń ká ọsàn níbẹ̀ láti ìgbà tó ti Mexico dé ní ọmọge. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé. Ṣùgbọ́n gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí ọ̀gá oko bá já fún un, gbogbo ìwé pélébé, inú àpò ìyẹ̀fun kan tó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń kó wọn sí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó di ọdún 1986, ìjọba ní kí àgbẹ̀ tó bá lè fi hàn pé òun ti ṣiṣẹ́ oko fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ wá gba ìwé ìgbélùú. Doña Petra gbé àpò ìyẹ̀fun lọ, ó dà á sórí tábìlì. Àwọn ẹlẹ́yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bá wọn jẹ́rìí kiri.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń ju ìwé nù nílé àwọn Barragán. Ẹni tó bá ti ibikíbi dé, ohun tí màmá àgbà máa kọ́kọ́ bi í ni, "Ṣé wọ́n fún ọ níwèé?" Kódà tí ènìyàn bá ti ọ̀dọ̀ fadá dé, níbi tó ti lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ọkọ̀ ọ̀hún ni ọkọ̀ tuntun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rà nínú ẹbí wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Eulalia, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Láìsí ọkọ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Òun náà ló tún ń gbé màmá àgbà lọ sí Visalia lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kídìnrín wọn ti kọṣẹ́. Lọ́jọ́ tó gbé ọkọ̀ náà délé, bàbá rẹ̀, Don Rogelio, ní kó wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fadá sì wọ́n omi mímọ́ sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn. Oṣù kan ò pé tó kọ́kọ́ kú sójú títì.

"Gbé e fún Chema," ni Don Rogelio wí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ò sí lẹ́nu rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ni Chema. Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ lẹ́yìnkùlé ló ti ń tún ọkọ̀ ṣe, kò sì sí ọkọ̀ nínú ẹbí tí ọwọ́ rẹ̀ ò kàn rí. Oúnjẹ àti bíà ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí Chema kọ rìsíìtì fún òun, bí ìgbà tó ní kí ìyá òun kọ rìsíìtì ọbẹ̀ ni.

"Bàbá kékeré," Eulalia sọ fún un lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ń jẹun, "tí ẹ bá fi sípánà kan nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ yẹn, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Chema fọwọ́ lé àyà. "Èmi? Èmi tí mò ń tún ọkọ̀ bàbá ẹ ṣe láti ìgbà tí o ti ń rá kòrò nílẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ máa fún mi níwèé?"

"Ìwé kẹ̀? Ìyá mi, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ sí mi?"

Doña Petra ò gbójú kúrò nínú àwo. "Fi ọkọ̀ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, Chema. Láti ọjọ́ tí o ti sá kúrò ní kíláàsì kẹta, o ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́."

Inú bí Chema. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú.

Ọjọ́ mẹ́fà lọkọ̀ lò ní Visalia nígbà àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan tó ṣe é. Kò pẹ́, ó tún kú, Eulalia tún dé iwájú tábìlì. Efraín ti rí i láti inú gíláàsì, ó ti gbé ọwọ́ sórí kọ̀ǹpútà kó tó jókòó.

"Níbo ló kú sí lọ́tẹ̀ yìí, mà?"

"Níwájú ilé búrẹ́dì, ní Lindsay."

"Ṣé kí n kọ búrẹ́dì náà sí i?"

"Tí àyè bá gbà."

"Irú búrẹ́dì wo?"

"Èyí tí wọ́n da ṣúgà aláwọ̀ osùn sí lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣojú iṣẹ́."

Nígbà tó délé tó ka ìwé, ó rí i níbẹ̀ lóòótọ́: ọkọ̀ kú lórí eré níwájú ilé búrẹ́dì, òórùn búrẹ́dì ń jáde, oníbàárà ò rà. Ó rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ̀ fi yọjú láti ilé ìdáná pé ta ló wà níbẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan, màmá mi."

"Ẹni tí kò sí yẹn dáa lẹ́nu ò," ni ìyá rẹ̀ wí, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n tún fi dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n pààrọ̀ nǹkan kan, wọ́n ní ó ti parí.

Kò parí. Oṣù Kejìlá dé, ìkùukùu bo gbogbo ilẹ̀ débi pé ènìyàn ò rí igi ọsàn tó wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tún kú, Eulalia wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ Efraín. Ojú Efraín rẹ̀wẹ̀sì.

"Ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀, mà. Ó máa tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó kàn yín."

"Ọjọ́ mẹ́wàá?" Eulalia wá àga jókòó. "Bàbá mi tó ń gbé màmá àgbà mi lọ tẹ́lẹ̀ ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́, màmá ò sì lè pa ọjọ́ kan jẹ. Tí wọn ò bá fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Efraín wo kọ̀ǹpútà. Ó wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká má ṣíwèé. Tí mo bá ṣíwèé, ó di dandan kó tò sẹ́yìn àwọn yòókù. Ọ̀rẹ́ mi kan wà láàárín àwọn mẹkáníìkì, á máa wò ó nígbà oúnjẹ ọ̀sán." Ó ti kọ́kọ́rọ́ kan sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ máa lo èyí ná. Tèmi ni. Rédíò rẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ẹ má bínú."

"Báwo lẹ ṣe máa wá délé?"

"Mo lẹ́sẹ̀ méjì."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Eulalia fi wa ọkọ̀ Efraín, àtijọ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi ti àwọn àgbẹ̀, inú rẹ̀ ń ta sánsán ọṣẹ ìfárùngbọ̀n. Ìkùukùu wà níta, ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn lọ́kàn Eulalia. Màmá àgbà jókòó níwájú, ó ń fọwọ́ pa àga wò.

"Ọkọ̀ ta nìyí?"

"Ti ọkùnrin tó ń bá mi kọ̀wé ni."

"Ṣé ó dáa lójú?"

"Màmá."

"Mo kàn béèrè ni. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, àfi kí wọ́n máa ròyìn fún mi."

Lọ́jọ́ kẹta, Eulalia kó tamales, irú ẹ̀kọ àgbàdo kan tí ẹran wà nínú rẹ̀, tó ṣì gbóná lọ fún Efraín, wọ́n fi háhá àgbàdo dì wọ́n, wọ́n sì fi aṣọ wé wọn. Efraín ò lè dúró kó jókòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ló ti jẹ mẹ́ta, epo ń ṣàn sí i lọ́wọ́.

"Èwo lo... èwo lẹ̀yin fọwọ́ ara yín sè níbẹ̀, mà?"

"Gbogbo èyí tí kò dọ́gba," Eulalia dá a lóhùn. "Má pè mí ní mà mọ́, Efraín. Ẹni tó yọ̀ǹda ọkọ̀ ẹ̀ fún mi tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú ìkùukùu, ṣé òun ni mo tún fẹ́ máa bá ṣe ẹ̀yin-ẹ̀yin?"

Efraín nu ọwọ́ sára ṣòkòtò iṣẹ́. Ó wò ó títí. "Eulalia," ló wí, bí ẹni tó ń tọ́ oyin wò. "Láti ọjọ́ tí o ti ní kí n pa nǹkan rẹ́, mi ò tíì sùn dáadáa."

"Èmi náà ò sùn."

"Kí ló wá ku?"

"Kí ìwọ wí."

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ."

Ó wí i tán, ó gbàgbé pé epo tamales wà létè òun. Eulalia fi àtàǹpàkò nù ún fún un. Ó wa ọkọ̀ ara rẹ̀, tó tún ti ń ṣiṣẹ́, jáde, ó kọrin láti Visalia dé Lindsay, inú rẹ̀ dùn débi pé nígbà tí màmá àgbà béèrè pé ṣé wọ́n fún un níwèé, ó ní, "Rárá, màmá, ọkàn rẹ̀ ló fún mi," ó sì sá wọ yàrá.

Màmá àgbà mi orí. "Ìyẹn náà dáa," ló wí fún ara rẹ̀, "àmọ́ kò ní déètì lára."

Oṣù kan ni inú wọn fi dùn. Nígbà tó di oṣù Kínní, lọ́jọ́ Wẹsidé kan, Eulalia ń gbé màmá àgbà padà láti ibi tí wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kú sáàárín ojú irin.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò dáhùn. Ó tún yí i. Ìkùukùu funfun báláú yí wọn ká, nínú ìkùukùu náà ni fèrè ọkọ̀ ojú irin ti ké, ó jìnnà díẹ̀, ó sì ń bọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín."

"Sáré tìrẹ, ọmọ mi. Èmi ti gbó."

"Ẹ dákẹ́ níbẹ̀yẹn."

Ó ń fa bẹ́líìtì màmá lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ àwọn aká-ọsàn kan dúró lẹ́yìn wọn. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin bẹ́ sílẹ̀, wọn ò béèrè nǹkan kan, wọ́n fi èjìká ti ọkọ̀ kúrò lójú irin, wọ́n ń ké bí ẹni tó ń ti ẹran ọ̀lẹ. Ọkọ̀ ojú irin kọjá lẹ́yìn wọn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ gèlè màmá àgbà lọ. Màmá àgbà di ọwọ́ Eulalia mú.

"Kí wọ́n gba ọkọ̀ wọn," ló wí. "Kí wọ́n gba ọkọ̀ wọn padà. Kó ìwé ẹ jáde."

Òfin wà fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní California: ọkọ̀ tuntun tó bá ń bàjẹ́ ṣáá, kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gbà á padà, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́tàlá tún un wò lọ́tẹ̀ náà, wọn ò tún rí àrùn kankan. Eulalia kó gbogbo ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, ó ní kí wọ́n gba ọkọ̀ wọn. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá a lóhùn ò gùn. Òfin ń wo ọkọ̀ tó bá lò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́tàlá: ìwé Eulalia jẹ́ ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò pé. Tó bá wù ú, kó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú onílàjà, ẹni tó ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, nílùú Fresno.

Wọ́n ka lẹ́tà náà nídìí tábìlì. Don Rogelio ka ìwé àtúnṣe, ó sì tún wọn kà.

"Ti oṣù Kejìlá dà? Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ yẹn lò ní Visalia. Ọkọ̀ ọkùnrin yẹn lò ń wà."

Ìgbà yẹn ló yé Eulalia.

"Kò ṣíwèé," ló wí. "Kó lè yá ni."

"Kó lè yá, àbí kí ó má baà sí nínú ìwé?" Don Rogelio fọwọ́ gbá tábìlì. "Ọmọ ilé-iṣẹ́ yẹn ni. Ó mọ òfin jù ọ́ lọ. Ó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, o kó tamales fún un, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta ẹ pamọ́ fún ọ̀gá ẹ̀. Kò gbọdọ̀ tún tẹ ẹnu ọ̀nà mi."

"Kì í ṣe irú ẹ̀, bàbá mi."

"Ìwé rẹ̀ dà?"

Chema, tó ti padà wá ń jẹun, ṣí ẹnu láti wí nǹkan nípa àwọn tí kò fẹ́ kí òun fọwọ́ kan ọkọ̀. Doña Petra wò ó, ó pa ẹnu dé.

Lọ́jọ́ kejì, Eulalia lọ bá Efraín nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ó fi lẹ́tà hàn án. Àwọ̀ ojú ọmọkùnrin náà yí padà.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ló wí. "Èmi ni mo bà á jẹ́ fún ẹ."

"O fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni."

"Eulalia, ẹni tó bá gba ọkọ̀ wọlé láìṣíwèé níbí, ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni wọ́n ń lé e. Kò tíì sí ẹni tí wọ́n dárí jì. Èmi nìkan sì ni ìyá mi gbójú lé."

"Mo mọ̀. Mi ò ní kó o wá jẹ́rìí."

"Kí ló wá gbé ẹ wá?"

"Kí n fẹnu ara mi sọ fún ẹ pé mi ò bínú."

Irọ́ ni. Ó ń bínú. Ó ń bínú sí i nítorí pé kò sọ lójú ẹsẹ̀ pé òun á wá, ó ń bínú sí ara rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ kó wá. Ó sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí dé Lindsay. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò gbé fóònù Efraín. Lẹ́yìn náà fóònù ò dún mọ́, ìyẹn gan-an ló wá dùn ún jù.

Ọjọ́ Fresno pé. Bàbá rẹ̀ ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e lọ. Yàrá kékeré kan ni, tábìlì kan, àga mẹ́fà. Onílàjà jẹ́ obìnrin onírun funfun tó fi okùn so awò ojú kọ́rùn. Agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ wọ kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Eulalia tò ìwé rẹ̀ kalẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn láti ọjọ́ dé ọjọ́, láti máìlì dé máìlì.

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa," ni onílàjà wí. "Ta ló kọ ti búrẹ́dì yìí?"

"Ọkùnrin tó ń gba ọkọ̀ wọlé ni, mà."

"Ó mọ̀wé é kọ. Àmọ́ ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo rí, ọmọ mi. Ẹ ní ọkọ̀ tún lo ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù Kejìlá. Kí lẹ fi máa ràn mí lọ́wọ́ tí màá fi gbà yín gbọ́?"

Eulalia wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé tí òun bá dárúkọ, iṣẹ́ ẹnìkan ti lọ nìyẹn.

"Mi ò ní nǹkan kan, mà."

Don Rogelio yíjú sí i kíá. "Sọ orúkọ ẹ̀," ló wí lábẹ́ ẹnu.

"Mi ò ní nǹkan kan," Eulalia tún wí.

Agbẹnusọ ti ń kó ìwé tirẹ̀ jọ. Ìgbà náà ni wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Efraín ló wọlé. Ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wà lọ́rùn rẹ̀, orúkọ kankan ò sí láyà rẹ̀. Eulalia di àga mú. Efraín ò wò ó. Ó bọ sí iwájú onílàjà, ó yọ ìwé kan sílẹ̀.

"Efraín Tovar lorúkọ mi, mà. Èmi ni mo gba ọkọ̀ yẹn wọlé ní oṣù Kejìlá, lọ́jọ́ Tusidé, mo dá a padà lọ́jọ́ Tọsidé. Mi ò ṣíwèé. Ẹ̀bi mi ni, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́."

Agbẹnusọ dìde. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn, mà. Mo sì gbọ́ pé ọkùnrin yìí àti oníbàárà ń fẹ́ra."

"A ń fẹ́ra," ni Efraín wí. "Àbí a ti ń fẹ́ra tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ bó ṣe rí lónìí. Àmọ́ ìfẹ́ mi ò lè gba páàtì jáde ní sítọ́ọ̀ wa. Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ kì í fún bàbá ẹ̀ ní nọ́ọ̀tì láìkọ̀wé. Mẹkáníìkì tó wo ọkọ̀ yẹn gba ẹ̀rọ tó ń fa epo níbẹ̀ lọ́jọ́ Tusidé, kò bá a mu, ó dá a padà lọ́jọ́ Tọsidé. Ọjọ́ méjèèjì wà nínú ìwé yìí. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ yín wà lórí rẹ̀."

Onílàjà gbé awò rẹ̀ sójú. Ó fi nọ́ńbà inú ìwé náà wé ti inú ìwé Eulalia, ó ń ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ahọ́n.

"Kí ló dé tí o ò ṣíwèé nígbà yẹn?" ló bi í.

"Ìyá àgbà rẹ̀ ń ṣàìsàn, mà. Ojú sì ń kán mi láti rí i kó máa rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ọ̀gá rẹ mọ̀ pé o wá síbí?"

"Mo lọ sọ fún un láàárọ̀ yìí, mo ní kó fún mi ní ẹ̀dà ìwé sítọ́ọ̀. Ó fún mi. Ó sì gba kọ́kọ́rọ́ mi."

"Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ni onílàjà wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Agbẹnusọ ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ìta, nínú oòrùn, Eulalia ò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ sí. "O ò gbé fóònù mi," ni Efraín wí. "Mo fẹ́ sọ fún ẹ pé ìwé sítọ́ọ̀ ni mò ń wá."

"O ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé..."

"Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Lọ́jọ́ kẹta mo rí i pé bí o ò ṣe wá sẹ́nu tábìlì mi mọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìfẹ́ mi, dárí jì mí."

"Wọ́n ti lé ẹ níṣẹ́, ìwọ ló tún ń tọrọ àforíjì?" Ó bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọn níwájú gbogbo Fresno.

Don Rogelio dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó yọ fìlà. Ó tún dé e. Ó rìn wá bá wọn.

"Ọmọkùnrin," ló wí, "ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, sà."

"Wọlé sínú ọkọ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà onílàjà dé: kí wọ́n gba ọkọ̀ wọn padà. Ọkọ̀ ńlá kan wá gbé e ní òwúrọ̀, gbogbo ẹbí sì jáde wò ó bí ẹni wo òkú ọ̀tá. Chema ló pàtẹ́wọ́ jù.

Efraín rí iṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tún katakata ṣe ní Tulare. Nígbà tó di oṣù Kẹta, ó mú ìyá rẹ̀ wá tọrọ Eulalia, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso àti búrẹ́dì dídùn. Ìyá náà wọ bàtà tuntun tó ń pa á lẹ́sẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: ọmọ òun kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ó ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn sì ti rí bó ṣe rí.

Don Rogelio gbọ́ ọ tán. Bí àṣà, bàbá ìyàwó kì í dáhùn lọ́jọ́ kan náà. Ó wú àyà.

"A ti gbọ́. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a máa fún yín lésì."

Ọwọ́ Eulalia di ẹ̀ṣẹ́ lábẹ́ tábìlì. Efraín tẹrí ba pé òun á dúró.

"Oṣù mẹ́ta?" Doña Petra ló sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀. "Rogelio, kídìnrín mi méjèèjì ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ta lo fẹ́ kó wo ìgbéyàwó yìí, fọ́tò mi?"

Don Rogelio wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Efraín tó ṣì tẹrí ba síbẹ̀.

"Ọsàn máa tanná ní oṣù tó ń bọ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìgbà yẹn ni ìyá mi fẹ́ràn."

Nítorí náà, oṣù Kẹrin ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Òórùn òdòdó ọsàn kún gbogbo Lindsay débi pé ènìyàn ń tọ́ ọ wò nínú kọfí. Ilé àwọn Barragán ò ju òpópónà méjì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn ò ní fi ọkọ̀ kankan lọ. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi rìn. Àwọn aládùúgbò jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ju òdòdó. Eulalia wọ funfun, ó di apá bàbá rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá ju ẹsẹ̀ bàbá lọ, bàbá sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra.

Níwájú wọn ni ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ń ti àga onítáyà màmá àgbà lọ, nítorí ó ní òun ò gbà kí ẹlòmíì tì í. Màmá àgbà gbé òdòdó sórí itan, ó ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì.

"Ṣé mo ń sáré jù, màmá?" Efraín bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀ bi í.

"O ò tíì sáré," ni Doña Petra wí. "Ìyàwó rẹ ti fẹ́ kọjá wa."